Efínrín ò jọra wọn: bí mo ṣe ń mọ èyí tó lóróró nínú

Wọ́n ní bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, yóò di ọṣẹ. Ewé tèmi pẹ́ lára ọṣẹ títí, ọṣẹ ò tiẹ̀ mọ̀ pé ewé wà lára òun. Oṣù Kẹsàn-án ni, ojoojúmọ́ ni òjò ń rọ̀. Mo ra àpò efínrín méjì lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó ń já a lẹ́bàá ọ̀nà Ìdó, ní Ìbàdàn wa níbí. Ewé yẹn fẹ̀, ó tutù, ó ń dán, kòkòrò ò dá ihò kan sí i lára. Orí ọ̀kadà ni mo ti ń ṣírò èrè títí mo fi dé Àpẹtẹ̀. Nígbà tí mo gba òróró rẹ̀ tán, kò kún ìdérí ìgò oògùn ikọ́. Mo pín in sínú ọṣẹ 120, mo wé wọn, mo gbé wọn lọ fún oníbàárà mi ní Bódìjà. Ó gbé ọ̀kan símú, ó tún un gbé símú, ó ní, "Ìyá Ọlọ́ṣẹ, efínrín tí ẹ kọ sára páálí yìí, ṣé ó ń bọ̀ lẹ́yìn ni?"

Mo kó ọṣẹ mi padà sílé. Ohun tó dùn mí jù ni pé inú ewé ni mo dàgbà sí. Ọjà Bódè ni ìyá mi ti ta ewé fún ọdún 21, ẹ̀yìn àtẹ rẹ̀ ni mo ti kọ́ ìwé kíkà, mo sì rò pé kò sí ewé tó lè tàn mí jẹ. Mo fojú ra ewé, mi ò fi imú rà á.

Àbúrò mi ọkùnrin tó ń ṣiṣẹ́ ní lábù ló jókòó tì mí lọ́jọ́ kejì. Ó ní, "Àǹtí mi, ohun mẹ́ta ló ń mú kí efínrín méjì yàtọ̀ síra: omi tó wà nínú rẹ̀, ibi tó hù sí, àti irú tó jẹ́. Ẹ̀yin ọlọ́ṣẹ, ẹ kàn ń pe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní 'ewé yìí dáa'." Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń ya mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sọ́tọ̀. Ohun tí mò ń ṣe ni mo kọ síbí. Ẹni tó bá ń ta ewé, tó ń ṣe ọṣẹ, tàbí tó kàn fẹ́ mọ ìdí tí efínrín ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ ò fi ta sánsán bíi ti aládùúgbò, á rí nǹkan mú níbẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ewé tó wà lọ́wọ́ yín

Efínrín ńlá ni mò ń sọ, èyí tí à ń jù sínú ọbẹ̀, tí ìyá ọlọ́mọ ń fún omi rẹ̀ nígbà tí inú bá ń run ọmọ. Àwọn onísáyẹ́ǹsì ń pè é ní Ocimum gratissimum. Àwọn Ìgbò ń pè é ní nchanwu, àwọn Hausa ní daidoya. Ó lè ga tó ènìyàn, ìdí rẹ̀ a máa le bí igi, etí ewé rẹ̀ ní eyín wẹ́wẹ́ bíi ti ayùn. Bí ẹ bá fi ìka méjì yí ọ̀pá rẹ̀ nígbà tó ṣì tutù, ẹ ó rí i pé igun mẹ́rin ló ní, kò rí roboto.

Efínrín wẹ́wẹ́ kì í ga tó bẹ́ẹ̀. Ewé rẹ̀ kéré, ó sì máa ń rọ̀ jù, òórùn rẹ̀ sì jẹ́ ti ara rẹ̀ lọ́tọ̀. Ọmọ bàbá kan náà ni òun àti efínrín ńlá, ṣùgbọ́n ìyá wọn kì í ṣe ọ̀kan. Ẹni tó bá da méjèèjì sínú àpò kan, tó wá ń pariwo pé efínrín Mọ́níyà yàtọ̀ sí ti Akànràn, ara rẹ̀ ló ń tàn.

Bí iyèméjì bá wà, ẹ gé ẹ̀ka kan tó ní ewé àti òdòdó lára, ẹ tẹ́ ẹ sáàárín ìwé ìròyìn àtijọ́, ẹ gbé ohun wúwo lé e, kí ẹ sì máa pààrọ̀ ìwé ìròyìn náà lójoojúmọ́ títí yóò fi gbẹ. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ gé e, ibi tí ẹ ti gé e, àti àwọ̀ òdòdó rẹ̀, torí pé bó bá gbẹ tán, àwọ̀ yẹn á ti sá. FRIN, ilé ìwádìí igbó tó wà ní Jẹ́ríkò, ní ibi tí wọ́n kó ewé gbígbẹ jọ sí láti gbogbo Nàìjíríà; Yunifásítì Ìbàdàn náà ní tirẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń sọ orúkọ ewé fún èèyàn láìfi ti àṣà ìlú kan dí ti òmíràn lọ́wọ́. Èyí ṣe pàtàkì, torí orúkọ tí a ń pe ewé ní Bódè àti èyí tí wọ́n ń pè é ní Ògbómọ̀ṣọ́ kì í fi gbogbo ìgbà bára mu.

Ibi tí òróró yẹn wà gan-an

Mo ti máa ń rò pé inú omi ewé ni òórùn wà, pé bí ewé bá ṣe lómi sí ló ṣe máa lóòórùn sí. Irọ́ ni. Ojú ewé ni òróró efínrín wà, nínú àpò kéékèèké tí ojú lásán kì í rí dáadáa. Mo ra gíláàsì tí àwọn atúnagoṣe ń há sójú lọ́wọ́ ọ̀kan nínú wọn ní Dùgbẹ̀. Mo há a sójú, mo yí ẹ̀yìn ewé sí oòrùn, mo sì rí wọn: àwọn kóró tíntìntín tó ń tàn bí ìrì, wọ́n fọ́n káàkiri láàárín irun ewé. Bí ẹ bá fọwọ́ ra ewé, àwọn àpò yẹn lẹ ń tú. Òórùn tó bá yín lọ́wọ́ lọ sílé, òróró wọn ni.

Nígbà tí mo rí èyí, ọ̀rọ̀ ewé ńlá yé mi. Mo gbé ewé ọ̀dọ́ kan, ti orí pátápátá, sẹ́gbẹ̀ẹ́ ewé àgbà tó wà nísàlẹ̀ ẹ̀ka kan náà. Lára ti ọ̀dọ́, kóró yẹn sún mọ́ra bí hóró àgbàdo tó gbó dáadáa. Lára ti àgbà, wọ́n jìnnà síra bí ilé ní abúlé. Ewé ti fẹ̀, kóró ò pọ̀ sí i tó bẹ́ẹ̀. Ewé tó fẹ̀ bí àtẹ́lẹwọ́ tí mo rà ní ọ̀nà Ìdó, ààyè gbalasa ló pọ̀ jù lára rẹ̀.

Ní ti imú: ẹ fi ìka ra ewé kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ẹ gbóòórùn rẹ̀, kí ẹ sì kọ ohun tó rán yín létí. Ẹ má kọ "ó dáa", ẹ kọ "ó dà bíi táìmù inú ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù", tàbí "ó dà bíi kànáfùrù", tàbí "ó dà bí osàn wẹ́wẹ́". Ẹ má gbóòórùn ju ewé márùn-ún lọ lẹ́ẹ̀kan, imú máa ń rẹ̀. Ẹ má sì fi Àbóníkì sára lọ́jọ́ yẹn. Mo ti ṣe é rí. Gbogbo efínrín tí mo rí ní Mọ́níyà lọ́jọ́ náà ló ń rùn bí èjìká mi.

Táìmù àti kànáfùrù tí mo dárúkọ yẹn kì í ṣe àfiwé lásán. Nínú òróró efínrín tó pọ̀ jù ní Nàìjíríà, ohun tí wọ́n ń pè ní thymol ló ń ṣíwájú, òun náà ló sì ń fún táìmù lóòórùn. Ní àwọn ilẹ̀ mìíràn, bíi Bràsíl, wọ́n ní efínrín ńlá tó jẹ́ pé eugenol ló ń ṣíwájú nínú tirẹ̀, èyí tó ń fún kànáfùrù lóòórùn, tí ẹ ó sì gbóòórùn rẹ̀ lọ́dọ̀ oníṣègùn eyín. Ewé kan náà, orúkọ kan náà, òórùn méjì. Ìdí nìyí tí ẹni tó bá ka ìwé pé efínrín ṣe báyìí báyìí ní òkè òkun kò gbọdọ̀ gbà pé ti ẹ̀yìnkùlé òun náà á ṣe bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ tí ẹ bá wọgbó

Ibi mẹ́ta ni mo yàn: etí odò lápá Elẹ́yẹlé, ilẹ̀ tí wọ́n dá dúró lọ́nà Mọ́níyà, àti ẹ̀gbẹ́ oko kòkó àtijọ́ kan ní Akànràn. Mo fi ẹ̀bá títì sílẹ̀ pátápátá, torí èéfín ọkọ̀ àti torí oògùn apakoríko tí wọ́n ń fọ́n síbẹ̀ láìsọ fún ẹnikẹ́ni.

Ní ibì kọ̀ọ̀kan, efínrín 10 ni mo mú. Mo jẹ́ kí ó kéré tán ìṣísẹ̀ 10 wà láàárín ọ̀kan àti èkejì, kí n má baà wọn ọmọ ìyá kan náà lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Mi ò yan èyí tó wù mí. Ìdánwò tó le jù nínú gbogbo iṣẹ́ yìí nìyẹn, torí ọwọ́ èèyàn máa ń lọ síbi èyí tó rẹwà. Ohun tí mo ṣe ni pé mo ń rìn, bí mo bá ti ka ìṣísẹ̀ 10 pé, efínrín tó bá sún mọ́ ẹsẹ̀ mi jù ni mo mú, ì báà ṣe aláìlera.

Lára ọ̀kọ̀ọ̀kan mo kọ nǹkan wọ̀nyí: gíga rẹ̀, àwọ̀ ọ̀pá rẹ̀, bóyá àwọ̀ ewé ni tàbí àwọ̀ àlùkò, bóyá ewé rẹ̀ nírun tàbí ó jọ̀lọ̀, bóyá ó ti yọ òdòdó, àti gígùn àti ìbú ewé. Ewé efínrín máa ń yọ ní méjì méjì tí wọ́n kọjú síra. Mo ka oríkèé láti òkè wá sísàlẹ̀, ewé oríkèé kẹta ni mo ń wọ̀n lára gbogbo wọn, pẹ̀lú téèpù télọ̀. Ẹni tó bá wọn ewé orí níbì kan, tó wá wọn ewé ìdí níbòmíràn, ọjọ́ orí ewé ló ń wọ̀n. Ẹ so òwú pupa mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan kí ẹ lè padà rí i, kí ẹ sì jẹ́ kí fóònù yín gba ojú ibẹ̀ sílẹ̀.

Wákàtí tí ẹ já a ṣe pàtàkì ju bí ẹ ṣe rò lọ. Àwọn olùwádìí kan ní Bràsíl já efínrín ńlá ní wákàtí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ láàárín ọjọ́. Ní agogo 12 ọ̀sán, eugenol kó 98 nínú 100 òróró rẹ̀, ní agogo 5 ìrọ̀lẹ́ ó ti já wálẹ̀ sí 11. Ewé kan náà o! Torí náà, bí ẹ bá já ti Elẹ́yẹlé ní àárọ̀, tí gosiló wá dá yín dúró ní Ìwó Road títí ẹ fi dé Akànràn nírọ̀lẹ́, wákàtí lẹ ń fi wé wákàtí. Ọjọ́ mẹ́ta tó tẹ̀ léra ni mo fi já tèmi, agogo 10 àárọ̀ ní ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, láìsí òjò lọ́jọ́ tó ṣáájú. Bí òjò bá rọ̀, mo dúró.

Ẹ má fà á tu. Ẹ gé e lókè ibi tí igi rẹ̀ ti le, ẹ fi ẹ̀ka méjì mẹ́ta sílẹ̀ lára rẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ yóò ti rú jáde.

Omi ni olè àkọ́kọ́

Èyí ló gbé owó mi lọ lọ́jọ́ àpò méjì yẹn. Ẹ wọn gíráàmù 100 ewé tútù lórí síkéèlì kékeré, ẹ tẹ́ ẹ sórí ìwé nínú ilé níbi tí afẹ́fẹ́ wà tí oòrùn ò dé, torí oòrùn á gbé òróró lọ. Ẹ máa wọ̀n ọ́n lójoojúmọ́. Ọjọ́ tí ìwọ̀n rẹ̀ kò bá já wálẹ̀ mọ́, iye tó kù ni ewé gan-an. Ìyókù, omi ni.

Ẹ jẹ́ kí n fi ìwé ara mi hàn yín. Ewé ìgbà òjò: kílò 1 tútù fún mi ní mílí 2 òróró. Ewé ẹ̀ẹ̀rùn láti ibì kan náà: kílò 1 tútù fún mi ní mílí 3. Mo ti fẹ́ búra pé ewé ẹ̀ẹ̀rùn ló dáa jù. Àmọ́ nígbà tí mo wo èyí tí mo gbẹ, 100 ti ìgbà òjò ṣẹ́ ku 14, 100 ti ẹ̀ẹ̀rùn ṣẹ́ ku 21. Nínú kílò kan ti òjò, gíráàmù 140 péré ni ewé. Nínú ti ẹ̀ẹ̀rùn, 210. Mílí 2 nínú 140 àti mílí 3 nínú 210, ẹ fi kàkúlétọ̀ pín in: bákan náà ni. Nǹkan bíi 1.4 nínú 100. Efínrín yẹn ò yí padà rárá, omi ni mo fi owó rà.

Torí náà, ẹni tó bá ń ra ewé ní kílò, kó ra èyí tó gbẹ lábẹ́ òjìji, tàbí kó kọ́kọ́ gbẹ 100 kó tó dá owó. Ẹni tó bá sì ń fi efínrín ibì kan wé ti ibòmíràn, orí ewé gbígbẹ ni kó ti ṣírò.

Bí mo ṣe ń gba òróró náà

Ní lábù, gíláàsì kan tí wọ́n ń pè ní Clevenger ni wọ́n ń lò, orúkọ ẹni tó gbé e jáde ní 1928. Ó máa ń dá omi padà sínú ìkòkò, tí òróró á máa gbára jọ lókè níbi tí wọ́n ti fa ìlà ìwọ̀n sí. Èmi ò ní Clevenger. Pọ́ọ̀tù prẹ́ṣọ̀ àtijọ́ kan ni mo ní, àti páìpù bàbà tí mo rà lọ́wọ́ àwọn tó ń tún fíríìjì ṣe.

Mo yọ irin tó máa ń jó lórí ìdérí kúrò, mo fi páìpù bàbà sójú ihò rẹ̀. Mo da omi sísàlẹ̀, mo gbé páànù oníhò lé e, ewé wà lórí páànù kó má baà kan omi. Páìpù náà gba inú ike tí yìnyín kún inú rẹ̀ kọjá ní yíyí mẹ́rin, ooru omi á di omi padà níbẹ̀, yóò máa kán sínú ìgò tẹ́ẹ́rẹ́. Iná kékeré. Ẹ fẹ́ ẹnu sínú páìpù náà kí ẹ tó dáná, kí ẹ rí i pé afẹ́fẹ́ ń gbà á kọjá. Bó bá dí, pọ́ọ̀tù lè fò. Ẹ má fi họ́ọ̀sì rọ́bà rọ́pò bàbà, òróró á wọ inú rẹ̀, òórùn rọ́bà á wọ inú òróró.

Láti ìgbà tí ẹ̀kán àkọ́kọ́ bá ti kán ni mo ti ń ka wákàtí 2, ìyẹn ni fún gbogbo ewé, kò sí ojúsàájú. Ìgò yẹn á sùn mọ́jú. Tí ilẹ̀ bá mọ́, òróró á ti léfòó sókè bí ọ̀rá orí ọbẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ a pọ́n díẹ̀. Mo fi síríǹjì láti kẹ́míìsì fà á, mo kà á. Òróró kànáfùrù máa ń rì sómi, nítorí náà bí ẹ bá rí èyí tó ń lọ sísàlẹ̀ tàbí tó ń dúró láàárín, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ó lè jẹ́ pé eugenol pọ̀ nínú rẹ̀. Omi olóòórùn tó kù, ẹ má dà á nù, omi ọṣẹ nìyẹn.

Ọṣẹ àti eérú ni mo fi ń fọ pọ́ọ̀tù àti páìpù kí n tó gbé ewé mìíràn sí i. Òróró yìí le o. Ẹ má fi ẹnu kàn án, ẹ má fi í sára lásán láìpò ó mọ́ àdín tàbí nǹkan mìíràn, ọmọdé ò sì gbọdọ̀ sún mọ́ ọn.

Ẹ gbìn wọ́n pa pọ̀

A ti yọ omi kúrò. Ó wá ku ibi tó hù sí àti irú tó jẹ́. Kò sí bí ojú ṣe lè ya méjèèjì sọ́tọ̀ nínú igbó. Efínrín Elẹ́yẹlé tó tóbi, ṣé odò ló ń bọ́ ọ ni àbí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe bí i? Ọ̀nà tó wà lọ́wọ́ wa nìyí: ẹ kó wọn wá sí ilẹ̀ kan náà, kí wọ́n jẹ oúnjẹ kan náà.

Ẹ̀ka ni mo fi gbìn ín, mi ò lo irúgbìn. Oyin ló ń gbé ìyẹ̀fun òdòdó efínrín kiri, irúgbìn kan lè ní bàbá tó wà lódìkejì odò. Ẹ̀ka tí ẹ gé lára igi, igi yẹn gan-an ni. Gígùn rẹ̀ tó sẹ̀ńtímítà 20, oríkèé mẹ́ta ó kéré tán, ẹ já ewé ìsàlẹ̀ dànù, ẹ tì í bọ inú náílọ́ọ̀nù dúdú tí iyẹ̀pẹ̀ wà nínú rẹ̀, ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò. Efínrín márùn-ún láti ibì kọ̀ọ̀kan, ẹ̀ka mẹ́ta láti ara ọ̀kọ̀ọ̀kan: 45 ni gbogbo rẹ̀.

Ọdún àkọ́kọ́, mo to àwọn ti Elẹ́yẹlé sórí ìlà kan, ti Mọ́níyà sórí ìlà kejì, ti Akànràn sórí ìlà kẹta. Ó dùn-ún wò bí aṣọ ẹbí. Oṣù mẹ́ta kọjá, ti Akànràn gbéra, ó ga ju àwọn yòókù lọ fíìfíì. Mo ti pe àbúrò mi lórí fóònù pé mo ti rí irú tó dáa. Ó wá, ó wo ilẹ̀, ó wo efínrín, ó ní, "Àǹtí mi, níbo ni sọ́kàwéè yín wà?" Mo dákẹ́. Abẹ́ ìlà kẹta ló wà, omi ìdọ̀tí ilé ló ń bọ́ ti Akànràn.

Ní ọdún kejì, mo kọ àmì gbogbo 45 sórí ìwé pélébé, mo ká wọn, mo dà wọ́n sínú abọ́, mo ní kí ọmọ ọmọ mi máa mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá mú, òun ni mo gbìn tẹ̀ lé e. Ó ń béèrè pé, "Mọ́mì Àgbà, ṣé lọ́tìrì ni?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ibi tó lọ́ràá, ibi tó gbẹ, ẹ̀gbẹ́ ògiri, gbogbo wọn ló pín in. Mo fi wọ́n jìnnà sí sọ́kàwéè.

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, mo tún ṣe gbogbo ìwọ̀n tí mo ṣe nínú igbó, ewé oríkèé kẹta, agogo 10. Ewé ńlá ti Elẹ́yẹlé ti sọnù: gígùn tiwọn kò yàtọ̀ sí ti àwọn yòókù mọ́. Odò ló ń bọ́ wọn. Àmọ́ ọ̀pá àlùkò tí mo rí lára ti Akànràn kò yí padà, irun ẹ̀yìn ewé wọn náà sì wà níbẹ̀. Ìyẹn, bí wọ́n ṣe bí i nìyẹn. Ọ̀kan sì wà nínú wọn, mo fi òwú méjì sàmì sí i, tí òórùn kànáfùrù máa ń yọ díẹ̀ lẹ́yìn ti táìmù. Ẹ̀ka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí mo gé lára rẹ̀, ní ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ mẹ́ta lẹ́yìnkùlé mi, ló gbé òórùn yẹn wá. Mo ní kí ẹlòmíràn tó ń gbé inú ilé gbóòórùn wọn láìsọ èyí tó jẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan fún un. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló yọ sọ́tọ̀.

Ọ̀rọ̀ ewé tíì yàtọ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kí n má baà gbàgbé. Ewé tíì, tí a tún ń pè ní koríko ọba, kì í sábà yọ òdòdó, ìdí rẹ̀ là ń ya pín fún ara wa láti ilé dé ilé. Ó ṣeé ṣe kí gbogbo èyí tó wà ládùúgbò yín jẹ́ ẹ̀ya ara ẹyọ kan. Bí ewé tíì méjì bá yàtọ̀, ilẹ̀ àti wákàtí ni kí ẹ kọ́kọ́ bi léèrè. Bí efínrín méjì bá yàtọ̀, ẹ ní láti bi irú náà.

Ìgbà tó yẹ kí ẹ gbé e lọ sí lábù

Imú ò lè ka iye. Ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní GC-MS ló ń ya òróró sí ẹyọ ẹyọ tó sì ń sọ orúkọ wọn, àmọ́ iye òróró tí ẹ bá gbé wá ni wọ́n máa fi gba owó, torí náà mi ò gbé ju mẹ́ta lọ síbẹ̀: ọ̀kan láti ibì kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn tí wọ́n ti jọ hù pa pọ̀. Ìgò aláwọ̀ dúdú kékeré, kó kún dé ọrùn kí afẹ́fẹ́ má ríbi dúró sí, kó wà nínú fíríìjì títí di ọjọ́ náà.

Bí wọ́n bá fún yín ní èsì, ẹ wá thymol, eugenol, p-cymene àti gamma-terpinene. Gamma-terpinene tó kẹ́yìn yìí ni òbí thymol. Inú rẹ̀ ni ewé ti ń ṣe é, nítorí náà bí ti òbí bá ga tí ti ọmọ sì kéré, ẹ má rò pé wọ́n fún yín ní ewé mìíràn. Ohun kan tún wà tí wọ́n lè má sọ fún yín: iye tó wà lórí ìwé yẹn, ìpín ni. Òróró tí thymol rẹ̀ jẹ́ 60 nínú 100, tó sì jẹ́ pé mílí 1 lẹ rí gbà nínú ewé, kò tó èyí tó jẹ́ 40 tí ẹ rí mílí 3 gbà. 0.6 nìyẹn sí 1.2. Ọlọ́ṣẹ tó bá ka ìpín nìkan á yan èyí tí kò pé.

Èyí tí mo fi òwú méjì sàmì sí ti di igbó kékeré lẹ́yìnkùlé mi báyìí, gbogbo rẹ̀ láti ara ẹ̀ka mẹ́ta. Kò tíì tó ṣe gbogbo ọṣẹ mi, nítorí náà mo ṣì ń ra ewé. Ọkùnrin ọ̀nà Ìdó yẹn náà ni. Inú oko ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ti ń já a wá báyìí, ní agogo 10, ní ọjọ́ tí òjò ò bá rọ̀. Bó bá ti sọ àpò kalẹ̀, mo máa bu 100 lára rẹ̀, mo máa gbé e sórí síkéèlì, mo máa tẹ́ ẹ sórí ìwé, màá ní kó padà wá gbowó lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ó máa ń wò mí títí, á mi orí, á ní, "Ìyá Ọlọ́ṣẹ, efínrín ni mo gbé wá o, kì í ṣe wúrà."